Ọjọ́ Tí Ewúrẹ́ Da Tírà Méjì Pọ̀ Nínú Yàrá Iṣẹ́ Awọ Mi

Ẹ sún mọ́ ibí, kí ẹ sì fi àga ẹlẹ́yìn yẹn sílẹ̀ fún èmi tí ẹ̀yìn mi ti di ọ̀tá mi. Ẹ ní kí n sọ bí ó ṣe rí nígbà tí a ń ṣe awọ nínú ilé. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń béèrè. Lónìí, bí wọ́n bá pa màlúù ní Mọ́níyà, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó gbẹ, awọ rẹ̀ ti di pọ̀nmọ́, ó ti wà nínú ọbẹ̀. Ẹ ń jẹ bàtà, ẹ ń jẹ ìgbànú, ẹ ń jẹ àpò, ẹ wá ń fi rọ́bà bọ ẹsẹ̀. N kò bú yín o. Èmi náà fẹ́ràn pọ̀nmọ́, àfi eyín mẹ́rin tó kù sẹ́nu mi ni kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́.

Nígbà náà, ní abúlé wa yìí, ohùn mẹ́ta ní ń jí ènìyàn láàárọ̀: ohùn ládánì, ohùn odó, àti kó-kó-kó òòlù igi bàbá mi lórí ìtì tó fi ń gé awọ. Bí àlejò bá ti Mọ́níyà wá, tó ń wá ilé wa lójú ọ̀nà Ìjàyè, kò sẹ́ni tó ń júwe ọ̀nà fún un. Wọ́n á ní kó tẹ̀lé imú rẹ̀. Awọ tí a rẹ sínú omi eérú kí irun rẹ̀ lè bọ́, òórùn rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Lẹ́yìn èyí ni a ó tún rẹ ẹ́ sínú omi èso igi kan tí àwọn Hausa ń gbé wá sọ́jà, kí ó má baà jẹrà. A ó wá na án, a ó fá a, a ó fi òróró pa á, títí yóò fi rọ̀ bí etí ehoro. Pòpórò ọkà bàbà ni a fi ń sọ ọ́ di pupa. Kò sí nǹkan kan tí a ń rà nínú ike.

Bàbá mi rán àpò kan fún ọdẹ kan nígbà náà. Ọdẹ yìí gbé iyán sínú àpò, ó wọ igbó, òjò bẹ̀rẹ̀. Òjò náà rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Nígbà tí ó tú àpò, ṣé ẹ mọ̀ pé iyán ṣì ń rú èéfín? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ bi ọdẹ náà. Ó ti kú, ṣùgbọ́n ẹ lọ bi í.

Bàbá mi jẹ́ ẹni tó mọ́ tónítóní. Ohun tí ọwọ́ bá mú níbìkan, ó ní kí ọwọ́ dá a padà síbẹ̀, torí ọwọ́ kò ní ojú. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí etí mi fi kún, n kò gbà á. Nígbà tí ó papò dà, tí èmi gbé ìtì rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tèmi, ibi tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé, iṣẹ́ ọwọ́ mi dára, ṣùgbọ́n yàrá mi dà bí ibi tí ìjì ti jà. Awọ lórí awọ. Abẹ́rẹ́ nínú ẹní. Mo máa ń fi gbogbo òwúrọ̀ wá irin tí a fi ń luhò sára awọ kí abẹ́rẹ́ tó kọjá, kí n tó rí i pé orí rẹ̀ ni mo jókòó lé, tí ìdí mi sì ti mọ̀ kí n tó mọ̀.

Ìyàwó mi, Ìyá Kúdí, á ní, "Bàbá Kúdí, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbá ibí."

Èmi á ní, "Fi í sílẹ̀. Mo mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà."

Irọ́ ni. Mo máa ń parọ́ fún yín, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo máa ń fi iyọ̀ sí ìtàn kó lè dùn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, n kò ní fi iyọ̀ sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi Rààjí, inú agbo ilé kan náà la jọ ń gbé. Sàbítíyù ni ìyàwó rẹ̀. Mo ju ọmọbìnrin náà lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ju tèmi lọ. Òun ló fún mi lórúkọ. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Torí pé mo ka ìwé dé kíláàsì kẹta, tí mo sì máa ń gbé bírò sétí kiri bí ẹni tí gómìnà ń dúró dè, ó sọ mí ní Akọ̀wé. Gbogbo abúlé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí di Àfáà.

Ẹ̀rín ló máa ń rín káàkiri, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Oyún mẹ́ta ti wálẹ̀ lára rẹ̀, gbogbo wọn ní oṣù karùn-ún, bí ẹni pé ẹnìkan dúró síbẹ̀ tó ń dá wọn padà. Lónìí, ẹ̀yin á lọ ya àwòrán inú, dókítà á fi ọmọ hàn yín bí ẹni wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà náà, àdúrà ni, àgbo ni, àti ọwọ́ ìyá àgbà. Nígbà tí oyún kẹrin pé oṣù mẹ́ta, Àfáà kọ tírà fún un, pé kí ó so ó mọ́ ìbàdí títí tí yóò fi sọ̀.

Èmi ni mo ń fi awọ rán tírà fún Àfáà. Kì í ṣe gbogbo aláwọ ni wọ́n ń gbé e fún. Iṣẹ́ ọlá ni. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a ṣe ọdún Iléyá, gbogbo ayé sì ń fẹ́ sálúbàtà tí wọn yóò wọ̀ lọ sí yídì. Àfáà fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé méjì wá. Ọ̀kan jẹ́ ti Sàbítíyù. Èkejì jẹ́ ti Súlè, awakọ̀ kan láti Adégbayì tó máa ń wá kó iṣu ní Ìjàyè. Tirẹ̀ jẹ́ tírà ọ̀nà, tí yóò so mọ́ apá kí mọ́tò má baà gbé e ṣubú. Àfáà ti ká ìwé méjèèjì kékeré, ó fi òwú dúdú dì wọ́n. Wọ́n rí bí ìbejì.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò rí ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí. "Akọ̀wé! Ṣé ènìyàn ló ń gbé ibí ni, àbí òkété?"

"Ẹ má bínú, Àfáà. Iṣẹ́ ọdún ni."

"Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló wà nínú èyí. Bí ó bá kanlẹ̀, èmi pẹ̀lú rẹ ni. Ti ìyàwó yín nìyí. Ti awakọ̀ nìyí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Àfáà."

Mo gbé ti Sàbítíyù sí apá ọ̀tún pákó mi, mo gbé ti awakọ̀ sí apá òsì. Mo ní tí mo bá rán sálúbàtà tó wà lọ́wọ́ mi tán, yóò kàn wọ́n.

Mo ti fi iyọ̀ sí awọ ewúrẹ́ kan láti àná, ó yẹ kí n gbé e kọ́ sókè, n kò gbé e kọ́. Ilẹ̀ ló wà. Bí mo ṣe tẹ orí ba, ewúrẹ́ Ìyá Kúdí wọlé, ó ń lá iyọ̀. Ewúrẹ́ ń lá awọ ewúrẹ́! Ó lè jẹ́ awọ ìyá rẹ̀, ta ló mọ̀? Mo sọ òòlù lù ú. Dípò kí ó gba ẹnu ọ̀nà, orí pákó mi ló fò lé. Pákó dojú dé. Sálúbàtà, ọ̀bẹ, òwú, ìda oyin, àti ìwé méjèèjì, gbogbo rẹ̀ wọ inú àjákù awọ lọ.

Mo rí ìwé náà, mo rí méjèèjì. Ṣùgbọ́n èwo ni ti ta?

Èèbó ni mo ka díẹ̀, n kò ka kéú. Ká tilẹ̀ ní mo kà á, ìwé tí Àfáà bá ti dì, a kì í tú u. Bí a bá tú u, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ilé Àfáà kò ju ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí lọ. Bí mo bá dìde nígbà náà, tí mo ní, "Àfáà, ẹ dákun, ó kanlẹ̀," ọ̀rọ̀ yóò tán. N kò dìde. Ojú ń tì mí, n kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ ọlá náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé ìwé méjì sí àtẹ́lẹwọ́ méjì, mo ń wọ̀n wọ́n bí ẹni ń wọn wúrà. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún dà bí èyí tó fúyẹ́ díẹ̀. Mo ní ọmọ inú kò wúwo tó mọ́tò, ti Sàbítíyù nìyẹn. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Mo fi awọ pupa bo ìyẹn, mo fi awọ dúdú bo èkejì, mo rán wọn ní ìránkúnná. Ẹlòmíràn kò lè mọ̀ mọ́ láyé. Èmi náà kò lè mọ̀.

A ṣe ọdún. Sàbítíyù so ti ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ìbàdí. Ní ọjọ́ kejì ọdún, mo mú ìgbálẹ̀.

Mo kó gbogbo yàrá náà síta. Mo fi ìgbẹ́ màlúù ra ilẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó bá já bọ́ lè máa dán lójú. Mo kan èèkàn mọ́ ògiri, irin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èèkàn tirẹ̀, mo sì fi èédú ya àwòrán irin náà sí abẹ́ èèkàn, débi pé bí ọ̀bẹ kan kò bá sí níbẹ̀, òjìji rẹ̀ ni yóò pariwo. Mo ta okùn sókè fún awọ, níbi tí eku àti ewúrẹ́ kò lè dé, mo fi káńfọ̀ há a láàárín nítorí kòkòrò. Àjákù ńlá wọ apẹ̀rẹ̀ kan, àjákù kékeré wọ òmíràn. Mo yọ òòfà lẹ́yìn rédíò tó ti kú, mo so okùn mọ́ ọn, mo sì ń fà á lórí ilẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni ń fa ajá. Kò sí abẹ́rẹ́ tó lè sá fún un. Mo ṣe ilẹ̀kùn ìdajì sí ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ń wà lórí pákó. Bí ọba bá gbé bàtà wá, bàtà ọba á dúró lórí èèkàn títí ti ẹni tó ṣáájú yóò fi kúrò.

Àwọn ènìyàn ń wá wò ó. Wọ́n ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọkọ wọn. Ìyá Kúdí nìkan ni kò yìn mí. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó wò mí títí.

"Bàbá Kúdí, kí lẹ ń lé?"

"Ìdọ̀tí ni."

"Ìdọ̀tí ti lọ láti ọjọ́ Jímọ̀. Kí lẹ tún ń lé?"

Mo tún gbá ibi tí mo ti gbá. Ẹ̀rù ló ń gbálẹ̀ ní tèmi.

Oṣù karùn-ún wọlé. Kí n tó jáde fún ìrun àárọ̀, màá kọ́kọ́ dúró kí n gbọ́ ohùn Sàbítíyù lẹ́yìnkùlé. Bí mo bá gbọ́ pé ó ń bú adìyẹ, ọkàn mi á balẹ̀. Oṣù karùn-ún kọjá. Oṣù kẹfà kọjá. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ yóò bá a. Mo ń retí ọjọ́ náà, kò dé, ara mi sì ń gbẹ.

Súlè ló kọ́kọ́ wá. Mọ́tò rẹ̀ ti yí gbirigbiri lẹ́bàá afárá kan, òun sì jáde láìní ọgbẹ́. Ó gbé iṣu mẹ́fà ka iwájú mi, ó na apá tó so tírà dúdú mọ́. "Akọ̀wé, iṣẹ́ ọwọ́ yín rèé! Mọ́tò yí lẹ́ẹ̀mẹta, iṣu kan kò já bọ́!" Èmi tí mo ń pa irọ́ jẹun, mo mọ̀ pé irọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di tírà náà mú pinpin bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó lọ, mo rò ó lọ rò ó bọ̀. Bí ó bá jẹ́ tirẹ̀ ló wà lápá rẹ̀, ti Sàbítíyù náà ló wà nídìí Sàbítíyù. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ńkọ́, tí ó jẹ́ pé Ọlọ́run kàn yọ ọ́ ni? Bí mọ́tò bá tún yí ńkọ́? N kò lè jẹ iṣu náà.

Ní oṣù keje, Sàbítíyù wọlé sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án, ó fa ilẹ̀kùn ìdajì pa dé, ó sì gbé tírà pupa lé pákó mi.

"Akọ̀wé, ẹ bá mi fi kún okùn yìí. Ọmọ yín ti sanra, okùn ń gé mi níbàdí." Ó wo ògiri. "Ẹ wo bí ibí ṣe mọ́! Ẹ jẹ́ kí n máa wá sùn síbí. Yàrá ẹ̀gbọ́n yín dà bí ilé adìyẹ."

Mo mú ọ̀bẹ, mo gé okùn. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ kan, tírà wà lọ́wọ́ kejì, mo sì rí i pé n kò lè rán an.

"Ìyàwó," mo ní, "n kò mọ̀ bóyá tìrẹ nìyí."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí ó ti mọ̀ mí sí òpùrọ́. Nígbà tí ó wo ojú mi, ẹ̀rín kúrò. Mo sọ gbogbo rẹ̀: iyọ̀, ewúrẹ́, pákó, bí mo ṣe wọ̀n wọ́n lọ́wọ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó di ikùn mú.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti Iléyá."

"Oṣù mẹ́rin." Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ ń rí mi lójoojúmọ́. Ẹ ń kí mi pé ṣé ara le. Ẹ ń jẹ ọbẹ̀ mi."

"Jẹ́ kí n tú u, kí n gbé e fún Àfáà kó kà á. Yóò kọ òmíràn."

Ó já a gbà lọ́wọ́ mi. "Kí ẹ tú kí ni? Tí ó bá jẹ́ tèmi ńkọ́? Ẹ ó ti bà á jẹ́." Ó fi àtàǹpàkò pa awọ náà. "Àwọn mẹ́ta yẹn, oṣù karùn-ún ni wọ́n ń dúró sí. Èyí ti kọjá. Ohunkóhun tó bá wà nínú èyí, òun ló sìn ín kọjá. Bí ó bá sì jẹ́ ti awakọ̀, ọmọ yìí náà, ọ̀nà ló wà. Kò tíì délé. Ta lẹ rí tó tún nílò tírà ọ̀nà jù ú lọ?" Ó dá a padà sórí pákó. "Ẹ fi kún okùn."

Mo fi kún un. Ó ń wò mí, kò sì ràn mí lọ́wọ́. Nígbà tí ó so ó tán, ó dìde.

"Ẹ ó lọ sọ fún Àfáà lónìí. Ẹ má ní ó di ọ̀la. Awakọ̀ yẹn náà ní ìyá."

Mo lọ. Àfáà jókòó lórí awọ àgbò rẹ̀, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà. Ó gbọ́ mi títí dé òpin. Ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe Súlè, òun yóò kọ òmíràn fún un. Ó ní òun yóò kọ òmíràn fún Sàbítíyù náà. Mo jíṣẹ́ ohun tí Sàbítíyù wí.

"Fi í sílẹ̀ fún un," ó ní. "Ọlọ́run kò sọnù sáàárín àjákù awọ."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Àfáà, ẹ ṣeun."

"N kò bá ọ jà, Akọ̀wé. Ewúrẹ́ lè wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, tó fi í ṣe àfojúdá, kò tún ní rán an fún mi."

Láti ọjọ́ náà, aláwọ kan ní Ìjàyè ni ó ń gbé tírà fún. Títí tí Àfáà fi lọ bá Ọlọ́run rẹ̀, kò gbé ẹyọ kan fún mi mọ́, mo sì ń kí i lójoojúmọ́, ó sì ń dáhùn dáadáa. Yàrá tó mọ́ jù lọ ní gbogbo Akínyẹlé, tírà kò wọ inú rẹ̀.

Ti Àfáà tilẹ̀ sàn. Sàbítíyù kò pè mí ní Akọ̀wé mọ́. "Ẹ káàárọ̀" nìkan, ó ti tán. Ìyá Kúdí ń bi mí pé kí ni mo ṣe fún ìyàwó wa. Ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí. Mo sọ fún wọn. Rààjí fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko wò mí láìsọ̀rọ̀; ǹ bá yàn kó lù mí. Ẹ̀yin òde òní, bí ẹ bá ń bínú sí ara yín, ẹ ó fi tẹlifóònù dí ọ̀nà ara yín, ẹ ò ní rí ara yín mọ́. Nínú agbo ilé, kànga kan náà la jọ ń pọn. Ẹni tó ń bínú sí ọ ló ń bu omi sí ọ níkòkò.

Ó bímọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì, obìnrin ni. Ọmọ náà pẹ́ kí ó tó ké. Èmi wà lórí ìtì, mo gbé òòlù sókè, n kò lè jẹ́ kó balẹ̀, kí ariwo rẹ̀ má baà bo igbe tí mo ń retí. Apá ro mí. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ igbe.

Ní ọjọ́ ìkómọ, wọ́n pa àgbò akíkà. Àṣà wa ni pé ìyá ọmọ ló máa ń sọ ẹni tí yóò gba awọ àgbò náà, tí yóò fi ṣe ẹní fún ọmọ. Aláwọ Ìjàyè wà níjòókòó, Àfáà ló mú un wá. Gbogbo agbo ilé ń wò. Àwọn tó pa àgbò bi Sàbítíyù pé ta ni kí wọ́n gbé e fún. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Ẹ gbé e fún ọkọ mi tó wà nídìí ògiri yẹn."

Mo fi odindi oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan ṣe awọ yẹn. N kò rán bàtà, n kò gé ìgbànú. Ẹni tó bá wá, mo ní kó padà wá, àwọn kan kò sì padà wá títí di òní. Mo fá abẹ́ rẹ̀ títí ó fi funfun. Mo fi irun rẹ̀ sílẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo yà á, mo fi ọwọ́ mi àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wò ó bóyá ibì kan yóò gún ọmọ.

Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gba awọ náà, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ fínnífínní, ó fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká bí ẹni ń wá ẹ̀gún. Kò ní ẹ ṣé. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín èmi àti òun, ó tú ọ̀já, ó sì gbé ọmọ sùn lé e.